Bẹ́ẹ̀ Ni Tí O Tẹ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Ilé Ìwòsàn Wa

Lálúpọn,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Bàráká, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé ẹnu máa yà ọ́ tí awakọ̀ tó ń lọ sí Èkó lọ́la bá fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́. O máa ní kí ló dé tí Màámi ò pè mí lórí fóònù. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, màá kàn béèrè bóyá o ti jẹun, màá ní kí o sùn dáadáa, màá sì gé e. Ohun tó wà nínú mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Tí mo bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí ẹ̀rù bá tún bà mí láàárín kan, mo lè gbé bírò sílẹ̀ kí n mí kanlẹ̀, kí n tó máa bá a lọ.

Lọ́jọ́ Ajé ni o máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ní Èkó, ní ilé iṣẹ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwòsàn. Bàbá rẹ ò sí láyé láti rí i, kí Ọlọ́hun fi Àlùjáńnà kẹ́ wọn. Bí wọ́n bá wà láyé, àwọn ni wọn ì bá jókòó tì ọ́ kí o tó gbéra. Nísinsìnyí, èmi nìkan ni mo kù tí mo máa sọ ọ̀rọ̀ òbí fún ọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tán síbẹ̀.

Òbí mìíràn tó bá fẹ́ gba ọmọ níyànjú á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àṣìṣe ìgbà èwe ara rẹ̀. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn wa lẹ́yìn Iléyá tó kọjá yìí ti tó fún àwa méjèèjì láti fi kọ́gbọ́n títí ayé wa. O lè sọ pé, Màámi, ṣebí mo wà níbẹ̀. O wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìdí kọ̀ǹpútà ni o wà. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí ni èmi wà. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò hàn sí ọ. Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Láti ìgbà tí o ti wà ní kékeré ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá káàdì Dókítà Adéògún. Káàdì oníwèé la ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Dókítà gbé kọ̀ǹpútà dé, ọkùnrin kan tó ti lọ sí òkè òkun báyìí ló bá wa ṣètò ẹ̀. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa tẹ orúkọ aláìsàn, kí gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ẹni náà yọ síta: irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, ọmọ tó ti bí, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀. Ó ní inú dátábéèsì, ìyẹn àká tí kọ̀ǹpútà ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn káàdì oníwèé la kó sínú sítọ̀, ibẹ̀ ni ikán ti jẹ wọ́n tán. Kò dùn wá, nítorí a rò pé a ò ní lò wọ́n mọ́.

O wálé fún Iléyá, Dókítà sì bá ọ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn aboyún tó ń ti abúlé oko wá máa ń gbàgbé ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n padà wá, pé ṣé o lè kọ ètò kan tí yóò máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn. O ní o lè ṣe é, o ò sì ní gba kọ́bọ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń sọ ọ́ fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè. Èmi fúnra mi ni mo gbé àga fún ọ sí iwájú kọ̀ǹpútà náà lọ́jọ́ Sátidé yẹn.

Mo jókòó tì ọ́, nítorí aláìsàn ò tíì pọ̀. Mo ní kí o sọ ohun tí o ń ṣe fún mi. O ní èdè tí o fi ń kọ ètò kò lè bá dátábéèsì wa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó nílò láíbìrì kan tí yóò dúró láàárín wọn. Mo ní láíbìrì tí wọ́n ń kó ìwé sí ni mo mọ̀. O rẹ́rìn-ín, o ní ti ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà yàtọ̀, pé àkójọ iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀ ni, kí èèyàn má bàa máa bẹ̀rẹ̀ láti òfo. O ní wọ́n ní èyí tí wọ́n ti ṣe tán, èèyàn á kàn fà á wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kò bá kọ̀ǹpútà wa mu nítorí kọ̀ǹpútà náà ti gbó. Nítorí náà, kóòdù rẹ̀ ni o máa fà wá, bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́ gan-an, kí kọ̀ǹpútà tiwa fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di ohun tó lè lò.

Mo bi ọ́ pé èló ni wọ́n ń tà á. O ní ọ̀fẹ́ ni. Mo bi ọ́ pé ta ló kọ ọ́. O ní àwọn èèyàn tí wọn ò mọra wọn ni, káàkiri ayé. Ẹni tó bá rí ibi tí kò dára á tún un ṣe, á sì dá a padà sáàárín fún gbogbo èèyàn. Àjọkẹ́, ìyẹn ni nǹkan àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Mo ti pẹ́ láyé, mo ti rí ẹni tó fún aládùúgbò ní iṣu, mi ò rí ẹni tó jókòó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún Lálúpọn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

O tẹ ohun kan, lẹ́tà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí òjò. O ní ó ń yẹ ara kọ̀ǹpútà wò ni, pé ṣé gbogbo ohun tó nílò wà níbẹ̀. Kò pẹ́ ó dúró. Ó ní fáìlì kan tó yẹ kó wà, òun ò rí i. O tún un tẹ̀, ó tún dúró síbẹ̀. O gbé fóònù rẹ, o wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, o rí ẹnì kan tó ti ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn sì ti dá a lóhùn pé ohun tó máa tẹ̀ rèé. O dà á kọ bó ṣe wà.

Kọ̀ǹpútà to orúkọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀ gbọọrọ, ó ní òun máa kó àwọn kan wọlé, òun sì máa yọ àwọn kan kúrò, pé ṣé kí òun máa bá a lọ. Lójú mi báyìí ni o tẹ bẹ́ẹ̀ ni. O ò kà á. Èmi náà ò mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo rò pé bí ẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ dán. Lẹ́tà sáré títí, kò dúró mọ́, láíbìrì rẹ wọlé. O pàtẹ́wọ́. Èmi náà bá ọ pa á, mi ò mọ ohun tí a ń pàtẹ́wọ́ fún.

Mo wá jáde lọ bá àwọn tó ń dúró níta. Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí o dán ètò rẹ wò pé kó bá dátábéèsì sọ̀rọ̀ tí kò rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ìwọ lo sọ fún mi lẹ́yìn náà. Lára ohun tí kọ̀ǹpútà ní òun máa yọ kúrò ni ẹ̀yà dátábéèsì àtijọ́ tí ilé ìwòsàn ń lò. Ó gbé tuntun sípò rẹ̀, tuntun náà ò sì lè ka ohun tí ti àtijọ́ ti kọ sílẹ̀. Gbogbo orúkọ aboyún, gbogbo ẹ̀jẹ̀, gbogbo oògùn, wọ́n wà nínú kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹni tó lè ṣí i. O mọ̀. O jókòó síbẹ̀, o ń wá bí o ṣe máa tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Àsìkò yẹn ni Gàníyù gbé ìyàwó rẹ̀ dé láti Ẹ̀jìòkú, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹ̀gẹ́. Sẹ̀míátù lorúkọ obìnrin náà. Ó ti ń rọbí láti òwúrọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ya lára rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà àti Nọ́ọ̀sì Folúkẹ́ gbé e wọ yàrá ìgbẹ̀bí, Dókítà sì yíjú sí mi pé, “Ìyá Bàráká, ẹ bá mi ṣí káàdì ẹ̀.”

Mo sáré wọlé bá ọ. Mo ní kí o dìde díẹ̀, kí n ṣí káàdì aboyún kan. Ojú rẹ ò kúrò lára kọ̀ǹpútà. O ní, “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Màámi. Ó máa tó dé.”

Mo gbà ọ́ gbọ́. Kí ló dé tí mi ò ní gbà ọ́ gbọ́? Ọmọ mi ni ọ́, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Mo padà lọ sọ fún Dókítà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ó máa tó dé. Ẹnu mi ni mo fi gbé irọ́ rẹ wọ yàrá ìgbẹ̀bí, Àjọkẹ́. Lẹ́yìn náà lo tó sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà yẹn kò tilẹ̀ nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ó tó ṣí káàdì.

Ohun tí o ò rí nìyí. Dókítà ní obìnrin náà ti bímọ lọ́dọ̀ wa rí, pé bí ohun kan bá ṣe é nígbà yẹn àwọn ì bá rántí. Wọ́n ní kí Folúkẹ́ ṣètò abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì tí wọ́n máa ń gún, nítorí ara obìnrin náà ti ń gbóná, pé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé kí wọ́n tó gún un, a máa fi káàdì yẹ̀ ẹ́ wò. Folúkẹ́ fa oògùn náà sínú abẹ́rẹ́. Ó gbé e sínú àwo irin. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wo àwo náà, mi ò mọ ohun tí mo ń wò. Dókítà bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i pé ṣé ó ti dé. Mo ní kò tíì dé. Wọ́n mi orí, wọ́n na ọwọ́ sí Folúkẹ́.

Gàníyù wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó di bàtà ìyàwó rẹ̀ ẹyọ kan mú, ìkejì ti jábọ́ lọ́nà. Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn lo rí, tàbí o gbọ́ igbe obìnrin náà. Mi ò tíì bi ọ́. Mo kàn gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lẹ́yìn mi. O kọjá lára mi, o dúró sí ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ ò sì gbọ̀n.

“Dókítà, ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi ni mo ba dátábéèsì yín jẹ́. Káàdì ẹ̀ ò ní ṣí lónìí. Ẹ má dúró dè é.”

Èmi tí mo bí ọ, ògiri ni mo fara tì. Ọ̀rọ̀ méjì ló kọlu ara wọn nínú mi: pé ọmọ mi ba nǹkan olóore wa jẹ́, àti pé ọmọ mi parọ́ fún mi lójú mi báyìí. Mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ sunkún sí.

Dókítà ò jágbe mọ́ ọ. Wọ́n wo ojú rẹ, wọ́n wo àwo irin náà. Wọ́n ní, “Folúkẹ́, gbé ìyẹn kúrò. A ò mọ nǹkan kan nípa obìnrin yìí. Bí ẹni tí a ò rí rí la máa ṣe é.” Wọ́n ní kí ó lọ mú oògùn mìíràn wá, èyí tí kì í sábà bá ara jà. Wọ́n ní kí n lọ bi ọkọ rẹ̀ bóyá oògùn kan wà tí ara ìyàwó rẹ̀ kọ̀. Gàníyù ní òun ò mọ̀. Ó wá ń bi mí pé, “Ìyá, ṣé ó máa yè?” Mo ní Ọlọ́hun á ṣe é.

Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì, Sẹ̀míátù bí ọmọ obìnrin. Ọmọ náà pẹ́ kó tó ké. Nígbà tó ké, Gàníyù dojú bolẹ̀ níbẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sẹ̀míátù wà láàyè. Dókítà jáde, òógùn bò wọ́n, wọ́n kàn bi ọ́ pé ṣé o lè tún un ṣe. O ní, “Mi ò mọ̀, sà.” Wọ́n ní kí o padà wá lọ́jọ́ kejì kí o máa gbìyànjú.

Ọjọ́ Àìkú yẹn, mo wò ọ́ bí ẹni tó ń wo ọmọ ẹlòmíràn. O gbé kọ̀ǹpútà tìrẹ wá. Ohun tí o kọ́kọ́ ṣe ni pé o da gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kọ sínú tìrẹ, o ní o ò ní fọwọ́ kan ti ilé ìwòsàn mọ́ títí o ó fi rí i pé ó ṣiṣẹ́ níbòmíràn. O wá kóòdù ẹ̀yà dátábéèsì àtijọ́ yẹn rí, èyí gan-an tí ọkùnrin òkè òkun náà lò, o sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti ìpilẹ̀. Ó dúró lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, bó bá ti dúró, ìwọ náà á dúró, o ó ka ohun tó wí ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ á máa mì. Dátà fóònù rẹ tán, mo lọ rà á ní ìkóríta. Mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá, ó tutù níbẹ̀. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, o ní, “Màámi, ẹ wá tẹ orúkọ kan.”

Ta ni mo máa tẹ orúkọ rẹ̀ bí kò ṣe Sẹ̀míátù? Káàdì rẹ̀ ṣí. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: Má ṣe fún un ní pẹnisílíìnì, ó gbà á nígbà oyún àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kó kú.

Bàráká, èmi ni mo tẹ ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀. Ìka mi ni. Nígbà tí mo rí i ni mo tó rántí ọjọ́ tí Dókítà pè é fún mi tí mo ń tẹ̀ ẹ́. Orúkọ tó ti gba ọwọ́ mi kọjá látìgbà yẹn pọ̀ ju ohun tí orí mi lè gbà, Dókítà náà sì ti gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ nǹkan pamọ́: orí èèyàn ò lè gbé gbogbo rẹ̀. Mo pe Folúkẹ́. Ó kà á, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwá àga. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Ìwọ gbórí lé tábìlì, o sunkún, mo sì jẹ́ kí o sun ún. Títí di òní, tí mo bá fẹ́ sùn, àwo irin yẹn ni mo ń rí.

Wò ó, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀.

Àkọ́kọ́, má tẹ bẹ́ẹ̀ ni fún ohun tí o ò kà. Kọ̀ǹpútà yẹn ò tàn ọ́ jẹ. Ó sọ ohun tó fẹ́ yọ kúrò, ó dárúkọ wọn, ó ní kí o yọ̀ǹda. Ìkánjú lo fi dá a lóhùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní ń le koko. Wọ́n á máa lé ọ níbi iṣẹ́ tí o ń lọ yẹn, wọ́n á ní àná ni àwọn fẹ́ ẹ. Kà á síbẹ̀.

Ìkejì: ohun tí o ṣe ní ọjọ́ Àìkú, kí o máa ṣe é ní ọjọ́ Sátidé. Da nǹkan kọ pamọ́ kí o tó fọwọ́ kàn án. Dán an wò lórí èyí tí kò sí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. O kúkú mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn ìjàǹbá ni o ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ọgbọ́n rẹ. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, kì í ṣe ẹni tó ń da omi sẹ́yìn.

Àwọn tó kọ nǹkan yìí lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, mo ń ṣàdúà fún wọn, mo ní kí Ọlọ́hun san án fún wọn. Ẹni tó kọ ohun tí o dà kọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà, mi ò bá a jà. Ohun tó bá kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mu ló sọ. Kò mọ ilé ìwòsàn Lálúpọn, kò mọ̀ pé Sẹ̀míátù wà lọ́nà. Ìwọ lo mọ ibi tí o wà. Bí o bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ àlejò, gbà á, àmọ́ kọ́kọ́ bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ yìí máa ṣe ní ilé mi. Bí o ò bá rí ẹni bi, wá ẹnì kan rí. Abéèrè kì í ṣìnà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kì í fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ò mọ nǹkan, pàápàá ìwọ tó jẹ́ obìnrin láàárín ọkùnrin. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Èyí tí o sọ fún Dókítà, “Mi ò mọ̀, sà,” ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà báyìí. Jẹ́ kí n fi òǹkà sílẹ̀ kí n sọ èyí tó ń dùn mí.

Irọ́ rẹ ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kì í tiẹ̀ ṣe irọ́ ìkà. Ojú ló ń tì ọ́, o fẹ́ ra àkókò díẹ̀ láti tún un ṣe. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ a kì í mọ ẹni tí irọ́ wa máa bá nígbà tó bá kúrò lẹ́nu wa. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. O sọ ọ́ fún èmi, èmi sọ ọ́ fún Dókítà, Dókítà gbé ìpinnu lé e lórí, Folúkẹ́ sì ti ṣètò abẹ́rẹ́. Kò sí ìkankan nínú wa tó ṣe ohun tí kò tọ́, a kàn gba ọ̀rọ̀ ara wa gbọ́ ni. Àwọn tó ń bọ̀ wá lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa gbà ọ́ gbọ́. Tí o bá ba nǹkan jẹ́, sọ ọ́ kí ó tó tutù. Má dúró de ìgbà tí o ó fi tún un ṣe kí o tó sọ. Ìtìjú náà máa jóni, mo mọ̀, àmọ́ kì í pa èèyàn.

Má sì jẹ́ kí ẹ̀rù ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí sọ ọ́ di ẹni tí kò lè fọwọ́ kan nǹkan mọ́. Mo rí i lójú rẹ nígbà tí o fẹ́ kúrò nílé. O ń wo ọwọ́ rẹ bí Folúkẹ́ ṣe wo tirẹ̀. Ọwọ́ kan náà tó bà á jẹ́ ló tún un kọ́ láti ìpilẹ̀. Jẹun láàárọ̀. Kírun rẹ lásìkò. Má máa jókòó títí ẹ̀yìn rẹ á fi le.

Ohun kan kù, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí lónìí.

Lánàá, Dókítà ní kí n wá sí ọ́fíìsì àwọn. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tí o ń lọ ń fẹ́ bá àwọn sọ̀rọ̀, pé orúkọ àwọn lo kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè jẹ́rìí sí ìwà rẹ. Mi ò mọ̀ pé o kọ orúkọ wọn. Ìgbà wo lo kọ ọ́? Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni, ó dá mi lójú. Fóònù dún bí mo ṣe ń jókòó, Dókítà sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí n lè gbọ́. Ohùn obìnrin kan ni. Ó kí wọn dáadáa, ó ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá mọ̀ nípa Bàráká fún òun.

Mo rò pé Dókítà máa ní ọmọ dáadáa ni, ó ń ṣiṣẹ́ kára. Ohun tí èèyàn máa ń sọ nìyẹn. Àjọkẹ́, ṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí o bà jẹ́, wọ́n sọ ọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ tó wà nínú àwo, wọ́n sọ ọ́. Mo ń mi orí sí wọn, mo ń fi ọwọ́ bẹ̀ wọ́n, wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ṣe mí bíi kí n já fóònù náà gbà lọ́wọ́ wọn. Mo sọ lọ́kàn mi pé iṣẹ́ ọmọ mi ti bọ́ lọ nìyẹn, pé kí ló dé tí wọ́n fi pè mí wá jókòó tì í.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ó rọrùn fún un láti dákẹ́. A kì bá mọ̀ láéláé. Ó wá dúró níwájú gbogbo wa, ó sọ ọ́ nígbà tí ó ṣì lè wúlò fún aláìsàn mi, ó sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Tí ẹ ò bá gbà á, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi, èmi á gbà á.”

Obìnrin náà wá ní, “Ẹ ṣé, sà. Àwọn tí a ti ń béèrè ọ̀rọ̀ wọn, kò sí ẹni tó sọ ohun tí wọ́n bà jẹ́ fún wa rí. Kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.”

Dókítà gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi, àwọn èèyàn ń dúró. Mo jáde. Mo pe ẹni àkọ́kọ́ tó wà lórí ìlà.

Mi ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìyàlẹ́nu yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Mo sì mọ̀ pé ìwọ ti ń ro ohun tí o máa sọ tí wọ́n bá bi ọ́ níbẹ̀, o ti ń wá ibi tí o máa gbé e pamọ́ sí. Má ṣèyọnu mọ́. Wọ́n ti mọ̀, Bàráká. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ní kí o máa bọ̀. Tí o bá dé ọ́fíìsì, kí gbogbo èèyàn dáadáa, kúnlẹ̀ fún àgbà, fa àga rẹ, kí o sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí Ọlọ́hun ṣí ọ lójú, kí ó sì ṣọ́ ọwọ́ rẹ.

Èmi ìyá tó bí ọ,
Sìdíkátù.